Má Wo Ọ̀dà: Ìtàn Volkswagen Àtijọ́ àti Bí Mo Ṣe Ra Tèmi

  Mo mọ̀ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí mi ò gbé ètò jáde, àwọn kan nínú yín tiẹ̀ ti ń bi mí lórí WhatsApp pé ṣé mo ti rí iṣẹ́ míràn ni. Rárá o. Mọ́tò ni mo ń wá kiri. Kì í sì í ṣe mọ́tò lásán, mọ́tò tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí ni.

Ẹ fojú inú wò mí ná. Àárọ̀ Sátidé ni, nínú ọgbà oko kan ní Kent, ní Ìlú Ọba níbí. Òjò ń ṣe wínníwínní. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja lórí páálí lábẹ́ Volkswagen kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn àti funfun. Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, fóònù wà lọ́wọ́ òsì, Bàámi sì wà nínú fóònù náà láti Agége, wọ́n gbé ojú sún mọ́ kámẹ́rà débi pé imú wọn nìkan ni mò ń rí.

"Àbẹ̀kẹ́, má wo ọ̀dà o. Ọ̀dà ò ní sọ nǹkan kan fún ẹ. Gbé fóònù yẹn sí irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bí ọjà náà bá tiẹ̀ jẹ́ orí fóònù.

Irú ọkọ̀ tí mò ń wá yìí, káńpà ni wọ́n ń pè é: ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì wà níbẹ̀, àwo ìfọwọ́ wà níbẹ̀, òrùlé rẹ̀ ṣeé gbé sókè kí èèyàn lè nàró. Ọkùnrin tó ni í dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú ife tíì. £12,500 ló ń bèèrè. £11,000 ni mo ní, ọdún márùn-ún ni mo sì fi kó o jọ. Mo ti ń bá báǹkì sọ̀rọ̀ nípa ìyókù. Ohun tó sọ fún mi ni pé ọdún 1974 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, pé Westfalia gan-an ló sọ ọ́ di káńpà nígbà tó ṣì wà ní tuntun, àti pé California ló ti lo ayé rẹ̀, kò mọ ohun tó ń jẹ́ iyọ̀ ojú títì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ gbọ́ o: bí òtútù bá dé níbí, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín má bàa dì. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin lábẹ́ mọ́tò. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó bá ti California wá fi ń wọ́n. Àwa tá a máa ń pe ọkọ̀ Ìlú Òyìnbó ní tòkunbọ̀, àwọn náà ní tòkunbọ̀ tiwọn.

Kí n tó sọ ohun tá a rí lábẹ́ ọkọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn ọkọ̀ yìí, ìtàn ni wọ́n máa tà fún un, wọn ò ní ta ọkọ̀.

Ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Wolfsburg, ní Jámánì, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Major Ivan Hirst ni wọ́n rán lọ síbẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣe mọ́tò kékeré onígbá lẹ́yìn tí àwa ń pè ní Ìjàpá. Kí wọ́n lè máa rí nǹkan kó ẹrù kiri nínú ọgbà ilé iṣẹ́, wọ́n mú ìsàlẹ̀ Ìjàpá, wọ́n tẹ́ ibi ìkẹ́rù pẹrẹsẹ lé e lórí, wọ́n gbé ìjókòó awakọ̀ sẹ́yìn pátápátá, lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣáà ro ọmọlanke tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sí nídìí.

Ará Netherlands kan, Ben Pon, tó ń ra Ìjàpá lọ tà nílùú rẹ̀, rí nǹkan yìí, ó sì wọ̀ ọ́ lójú. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1947, ó ṣí ìwé kékeré tó máa ń kọ nǹkan sí, ó ya àpótí kan síbẹ̀: awakọ̀ níwájú, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, ẹrù láàárín. Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán náà, ẹ máa rò pé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló yà á. Òun ni bàbá ńlá danfo.

Heinz Nordhoff di ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ní 1948, ó ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ gbé àpótí yẹn lé ìsàlẹ̀ Ìjàpá bó ṣe wà. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde lọ dán wò ní 1949, ìsàlẹ̀ yẹn ò lè gbé e, ó tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ibí yìí mú dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni owó yín wà. Ohun tí àwọn ẹnjiníà wá ṣe ni pé wọ́n sọ ara ọkọ̀ náà di egungun ara rẹ̀. Àwọn irin gígùn tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ọkọ̀, ògiri rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jó pọ̀ mọ́ra. Kò dà bí lọ́rí tó ní férémù tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n kàn gbé ara lé lórí. Bí irin abẹ́ ilẹ̀kùn lọ́rí bá jẹrà, ojú ló ń ti ọlọ́kọ̀. Bí ti Volkswagen yìí bá jẹrà, egungun ìbàdí ọkọ̀ ló ń jẹrà.

Wọ́n tún gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ dán nǹkan wò ní Braunschweig, wọ́n rí i pé iwájú tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògiri yẹn ń bá afẹ́fẹ́ jà, ni wọ́n bá ṣe imú rẹ̀ roboto. Ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà. Agbára ẹṣin 25 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní. Márùndínlọ́gbọ̀n péré! Ó sì ń gbé ẹrù bíi 750 kílò.

Kò ju ọdún kan lọ, ní 1951, tí ilé iṣẹ́ Westfalia ní Wiedenbrück fi gbé àpótí kan jáde tí wọ́n pè ní Camping Box. Àpótí pákó ni, ó ṣeé gbé wọlé, ó ṣeé gbé jáde, tí èèyàn bá sì tú u, ó di ibùsùn. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan lè fi ọkọ̀ rẹ̀ kó irinṣẹ́ láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdé, tó bá di Sátidé kó gbé àpótí wọlé, kó kó ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀, kí wọ́n gba etí òkun lọ. Ní Ìlú Ọba níbí náà, àwọn tó ń ṣe káńpà jáde: Devon wà ní Sidmouth, Dormobile wà ní Folkestone. Wọ́n á gé òrùlé ọkọ̀, wọ́n á fi aṣọ tó le dì í yíká, á wá máa gbé sókè.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó ní irun gígùn ra àwọn èyí tó ti gbó ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n ya òdòdó sí i lára, àwòrán yẹn sì ni gbogbo ayé ń rà títí dòní. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n òdòdó yẹn wà nínú £12,500 náà o.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sábẹ́ ọkọ̀.

Bàámi ní kí n mú òòfà jáde. Mo ti fi àkísà wé e kó má bàa ha ọ̀dà ọlọ́dà. Mo gbé e lé ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbé e lé irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ó já bọ́. Mo sún un síwájú díẹ̀, ó já bọ́. "Pọ́tì ni wọ́n fi dí i," ni Bàámi wí, ohùn wọn ò tiẹ̀ yí padà. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kí n tó fi sukudiráfà tẹ ibi tí wọ́n máa ń ki jáàkì sí. Ó ní kò burú. Sukudiráfà wọlé bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ.

Ọkùnrin náà ní ìpẹtà ojú lásán ni.

Ó dáa. Àwọn ibòmíràn tí wọ́n ní kí n wò rèé, kẹ́ ẹ lè mọ̀: abẹ́ rọ́bà gíláàsì iwájú, torí omi máa ń jókòó síbẹ̀, ilẹ̀ ibi tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ lé, ẹ sì rí i pé ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, ibi tí ara ọkọ̀ ti yí táyà po, àti ibi tí bátìrì ń jókòó sí lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí ásíìdì máa ń jẹ títí tó fi máa lu. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ń wọ́, kí n tún un tì, kí n máa wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ara ọkọ̀. Ní ọkọ̀ yẹn, àlàfo náà fẹ̀ lókè, ó há nísàlẹ̀. Ọkọ̀ tí ìbàdí rẹ̀ ti jẹrà máa ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn ló sì máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí.

Síbẹ̀, ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kọ́tìnnì rẹ̀ rẹwà! Mo ní ta ni ò mọ̀ pé wẹ́dà wà, a lè jó irin tuntun sí i. Ohun tó mú ọkàn mi kúrò pátápátá, nọ́ńbà ni.

Nínú àwọn Volkswagen ìgbà yẹn, wọ́n tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ mọ́ irin ní ibi ẹ́ńjìnnì. Mo ṣí i, mo fi àkísà nù ún. 214 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà kẹta, ìyẹn 4, ló ń sọ ọdún: 1974. Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n 21 tó ṣáájú ń sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe é. 23 ni ti Kombi, tó ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe káńpà Westfalia. 21 ni ọkọ̀ ẹrù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dí gbọn-in, tí kò ní fèrèsé rárá. Mo padà wo àwọn fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Ọwọ́ èèyàn ló gé wọn; ẹ̀gbẹ́ kan ò tiẹ̀ bá ìkejì dọ́gba. Irin pélébé kékeré kan tún yẹ kó wà lẹ́yìn ìjókòó iwájú, tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ sí, àwọ̀ rẹ̀, àti ìlú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ihò tí wọ́n fi kàn án mọ́bẹ̀ nìkan ló kù.

Ọ̀rọ̀ California ńkọ́? Ibí ni adìẹ wọ ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, adìẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, adìẹ Amẹ́ríkà pọ̀ lọ́jà Yúróòpù, ó sì rọ̀ lówó. Àwọn ìjọba Yúróòpù gbé owó ẹnubodè lé e. Amẹ́ríkà bínú, wọ́n bá ara wọn fà á títí, kò ní ojútùú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1963, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àwọn nǹkan kan tó ń ti òkè òkun wọ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ẹrù kéékèèké sì wà lára wọn. Volkswagen gan-an ni wọ́n ń wò. Ọkọ̀ akérò àti káńpà kò sí lára rẹ̀, wọ́n ń wọlé lọ bó ti yẹ, àmọ́ ọkọ̀ ẹrù Volkswagen di ohun tó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ìjà adìẹ parí, owó ẹnubodè yẹn ò parí, ó wà títí dòní.

Nítorí náà, tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé òun ní Volkswagen 1974 tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 21, tó sì jẹ́ ọmọ California látìgbà tó ti wà ní tuntun, mo ní ìbéèrè. Mo bi ọkùnrin náà. Ó mu tíì rẹ̀. Ó ní ohun tí ẹni tó tà á fóun sọ fóun nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Mi ò mọ ibi tí ọkọ̀ náà ti wá, àmọ́ irin rẹ̀ ti jẹ iyọ̀ yó.

Bàámi ò gbà kí n kúrò níbẹ̀ láì kọ́ ẹ̀kọ́. "Di róbótó tó ń yí bẹ́líìtì yẹn mú, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́. Tì í síwájú, fà á sẹ́yìn." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń dún kò, kò. Irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì ló ń rìn lọ rìn bọ̀ yẹn. Tó bá kọjá 0.15 mílímítà, wọ́n ní ó ti gbó nìyẹn, tèmi sì ń dún débi tí Bàámi fi gbọ́ ọ l'Ágége. Ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ ìtúpalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbóòórùn ibẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ní 1994, Bàámi lọ sí Kútọnu, ní ọjà mọ́tò tòkunbọ̀, wọ́n ra Volkswagen kan tó ti Jámánì dé. Ìyá mi ta góòlù sí i. Wọ́n gbà á wọ Èkó, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ yẹ́lò, wọ́n fa ìlà dúdú méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, ó di danfo. Ìyánà-Ìpájà sí Ọ̀ṣòdì ni wọ́n ń ná. Kì í ṣe roborobo bíi ti Kent yìí o. Èyí tó tẹ̀ lé e ni, tó rí bíi búrẹ́dì, tí Volkswagen gbé jáde ní 1979. Gbogbo owó iléèwé mi, inú rẹ̀ ló ti ń wá.

Ní 1998, wọ́n wà nínú gosúlóò ní Ìyánà-Ìpájà. Họ́ọ̀sì rọ́bà tó ń gbé epo bẹntiróò lọ sẹ́yìn ti gbẹ, ó sán, epo sì ń kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Kọ́ńdọ́tọ̀ ló kọ́kọ́ rí èéfín. Gbogbo èrò bẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ọkọ̀ náà jóná tán kó tó pé ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà yẹn. Ohun tí mo rántí jù ni pé Bàámi wálé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń wà, tí wọ́n ń san owó fún un lálaalẹ́, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Họ́ọ̀sì yẹn, owó kékeré ni. Nínú gbogbo Volkswagen àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, òun sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: tó bá le bí igi, tàbí tó ní ìlà wẹ́wẹ́, ẹ má bá wọn wà á jìnnà. Epo tí wọ́n ń tà níbí báyìí tún ní ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù nínú, ìyẹn ò sì bá rọ́bà àtijọ́ rẹ́ rárá.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé.

Èyí tó tẹ̀ lé e, mo wò ó torí pé ó wù mí láti wò ó ni. Ọmọ Bràsíl ni. Wọ́n ti ń ṣe Kombi ní São Bernardo do Campo láti 1957, nígbà tí Jámánì sì dá irú èyí dúró ní 1979, Bràsíl ò dá a dúró. Ní òpin 2005, wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì tó ń fi afẹ́fẹ́ tu ara, wọ́n fi onírédíétọ̀ sí i. Oṣù kejìlá 2013 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn, torí òfin Bràsíl sọ pé láti 2014, gbogbo mọ́tò tuntun gbọ́dọ̀ ní báàgì afẹ́fẹ́ àti bíréèkì ABS, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó ìyẹn sínú àpótí Ben Pon. Àwa náà mọ Volkswagen Bràsíl. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ní 1975, ẹ ṣáà bi àwọn òbí yín nípa Igala. Bràsíl ni ẹrù rẹ̀ ti ń wá ká tó tò ó pọ̀ l'Ékòó.

Ọkọ̀ náà dára. Ojú rẹ̀ ti 1970, ara rẹ̀ ti 2009. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí mo ní. Mo jókòó sínú rẹ̀, mo ya fọ́tò, mo lọ.

Ẹ̀kẹta wà ní Stoke. Ẹ̀rí ọkàn mi ò tiẹ̀ gbà kí n sọ fún Bàámi tẹ́lẹ̀, torí nínú fọ́tò tí mo rí, mo ti mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Búrẹ́dì ni. Níbí, T25 ni wọ́n ń pè é, ní Amẹ́ríkà, Vanagon. 1984 ni wọ́n ṣe é. Torí pé kò roboto, tí kò sì sí òdòdó nínú ìtàn rẹ̀, owó rẹ̀ kéré sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. £7,500 ni ìyá àgbàlagbà tó ni í bèèrè. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń wà á.

Kí n tó gbéra, mo ti tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sórí ìkànnì ìjọba, níbi tí àbájáde àyẹ̀wò MOT láti 2005 wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ má lọ wo ọkọ̀ kankan láì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé máìlì rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, kò já padà sẹ́yìn. Ní 2013, wọ́n ní irin ibì kan ti ń jẹrà. Ní 2014, kò sí nínú ìwé mọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, màmá yẹn gbé páálí bàtà kan jáde, rìsíìtì wẹ́dà ọdún 2014 sì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò. Mo fẹ́ràn páálí yẹn ju ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún kì í san owó orí ojú títì mọ́, kò sì pọn dandan kó ṣe MOT, àmọ́ òun ṣì ń gbé e lọ.

Mo pe Bàámi. Mo yí kámẹ́rà sí ọkọ̀ náà.

Wọn ò sọ̀rọ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. "Bàámi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń wò ó," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà, "Dùbúlẹ̀, jẹ́ ká wo abẹ́ rẹ̀."

Ìpẹtà ti èyí yàtọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti so irin pọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti yíká fèrèsé, ni omi máa ń gbà wọlé, ẹ ó sì rí i tí ọ̀dà ń wú bí èèwo. A rí i níbi méjì lẹ́yìn. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn dá ṣáká, òòfà lẹ̀ mọ́ ọn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni Bàámi ò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tiwọn kì í lo omi, àmọ́ ní 1982 ni Volkswagen yí ti búrẹ́dì padà sí ẹ́ńjìnnì olómi. Rédíétọ̀ wà níwájú, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, páìpù gígùn méjì ló sì ń gbé omi lọ gbé e bọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Tí ọlọ́kọ̀ bá lo omi lásán, tàbí tó jẹ́ kí omi rẹ̀ gbó, orí ẹ́ńjìnnì á jẹrà láti inú, omi á máa sun jáde níbi rọ́bà tó wà láàárín. Mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀: gbẹrẹfu. A jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú títí fáànù rédíétọ̀ fi tan fúnra rẹ̀. Mo ṣí ìdérí ọ́ìlì, kò sí ìfófòó funfun níbẹ̀.

"Họ́ọ̀sì epo ńkọ́?"

Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó le. Ìlà wẹ́wẹ́ méjì wà lára rẹ̀.

Bàámi pa ẹnu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní kí n fi han màmá yẹn. Mo fi hàn án, mo tún fi ibi méjì tí ọ̀dà ti wú hàn án. Ó wò wọ́n dáadáa, ó ní òun ò mọ̀. Mo dárúkọ £6,500. Ó ní £7,000. Bàámi ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù pé kí n má dá a lóhùn, kí n ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ, màmá náà sì bi mí pé kí ni bàbá yìí ń sọ. Mo tú u fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó bi mí bóyá bàbá mi mọ irú ọkọ̀ yìí ni. Mo sọ fún un. £6,700 ni a parí sí.

Mi ò wà á lọ́jọ́ yẹn. Mo padà wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan, mẹkáníìkì àdúgbò ibẹ̀ sì ti pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo láti táńkì dé ẹ́ńjìnnì. £85 ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di fóònù mú kí Bàámi lè máa wo ojú ọ̀nà. Mo ki kọ́kọ́rọ́ sí i, mo yí i, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bàámi ní kí n má tíì lọ, kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ ná.

Ó tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn wọn láti Agége, ohùn tí mi ò gbọ́ láti 1998:

"Ọ̀ṣòdì! Ọ̀ṣòdì! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"

Máìlì 55 láàárín wákàtí kan ni mo rọra ń bá bọ̀. Lọ́rí ń kọjá lára wa. Wọn ò pa fóònù: wọ́n ń bá mi ka jíà, wọ́n ń bú àwọn tó ń já wọ iwájú mi, títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Coventry, níbi tí bátìrì fóònù ọ̀rẹ́ mi ti kú.